Ìjókòó fún Mọ́tò Bàbá Mi

Ìjókòó tó rọ̀ jù ni ó ń ba ẹ̀yìn awakọ̀ jẹ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní irọ́ ni, nítorí èmi náà jiyàn rẹ̀ pẹ́ kí n tó gbà. Ẹ lọ jókòó lé fóòmù tó rọ̀ bí àkàrà gbígbóná, kí ẹ sì kọjú mọ́tò sí òkè Ọya. Ẹ óò gbádùn rẹ̀ láti Ṣàgámù dé Ìbàdàn. Kí ẹ tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìdí yín yóò ti rì, egungun yóò ti máa kan irin, ẹ̀yìn yóò ti tẹ̀ kọrọdọ. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí afárá Jẹ́bà, ẹ óò máa gbé ìdí kan sókè, ẹ óò máa sọ èkejì kalẹ̀, bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀.

Ilé ìwé kankan kò kọ́ mi ní èyí. Ìdí àwọn awakọ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ìhà kejì ibodè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Aránṣọ ni mí. Bí mo ṣe dé ilẹ̀ Rẹ́mọ kò gùn ní sísọ: ọ̀rẹ́ mi kan ní iṣẹ́ wà, mo tẹ̀lé e; ọ̀rẹ́ náà bá tirẹ̀ lọ, èmi kù síbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Yorùbá ni mí, ilẹ̀ Yorùbá ni mò ń lọ, kí ni yóò wá ṣòro níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ ní ìntáṣénjì Ṣàgámù, omi ni mo fẹ́ rà. Obìnrin tó ń ta omi náà gbé ọwọ́ lé àyà, ó pe ẹnì kejì rẹ̀.

“Ẹ wá gbọ́ bí Àgànyìn yìí ṣe ń sọ Yorùbá! Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ìyá mi ni.”

“Ta ló wá kọ́ ìyá ẹ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi gbóná lọ́wọ́ mi. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà, bẹ́ẹ̀ ni ó dùn mí ju ìkà lọ. Àgànyìn ni wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ti ìhà ibodè wá, ìbáà jẹ́ Ègùn, ìbáà jẹ́ ọmọ Tógò, ìbáà jẹ́ èmi tí kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú oríkì ìdílé mi tí kì í ṣe Yorùbá.

Àwọn àgbà Ofin, àdúgbò àtijọ́ kan ní Ṣàgámù, náà ní ohùn tiwọn. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìlàjì ni mo ń gbọ́. Àwọn ọmọ tiwọn gan-an kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ n kò rí ẹni tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ohùn mi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, bó bá ṣe wù ú ni ó lè pe omi.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé aṣọ fún àlejò rán. Àṣọ́ọ́ta, aránṣọ tó ń kiri, ni mo fi oṣù tí mo kọ́kọ́ dé ṣe, ilé dé ilé, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì nínú báàgì, títí Bọ̀dá Múfú fi gbà mí. Ọmọ Likosi ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni. Abẹ́ páànù kan létí ọ̀nà márosẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, láàárín àwọn fọkanáísà, níbi tí àwọn tírélà máa ń yà sí. Ìjókòó mọ́tò ni ó ń ṣe. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi.

“Ṣé o lè rán ohun tí ènìyàn kì í wọ̀?”

“Ara ènìyàn náà ló máa kàn án. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ wò.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí Àgànyìn, jókòó sídìí ẹ̀rọ.”

Bí mo ṣe gba orúkọ àti iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo gbà nítorí ebi wá wọ̀ mí lára. Bí wọ́n bá gbé ìjókòó àtijọ́ wá, èmi ni mo máa ń tú u, n kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ rí inú rẹ̀. Nínú òmíràn, irun èèpo àgbọn ni wọ́n dì sí i, ó ti gbẹ, ó ti di ìyẹ̀fun. Nínú òmíràn, àpò ìrẹsì ni. Bí awọ ìjókòó bá ya, ibi tó ti ya ni mo fi ń mọ irú ẹni tó ń jókòó lé e: ẹni tó bá fi igun ìdí òsì ya á, kílọ́ọ̀ṣì ló jìnnà sí i, ẹni tó bá fi ẹ̀yìn òkè pa á dán, ìbàdí rẹ̀ kò kan nǹkan kan, òfìfo ló wà lẹ́yìn rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Mo máa ń sọ èyí fún Bọ̀dá Múfú, òun náà á ní, “Rán an lọ, jàre. Ìjókòó ni, kì í ṣe àlá.”

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pe Bàbá mi. Awakọ̀ ni òun náà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ọ̀nà Kétu sí Kútọnu ló ń ná, nínú mọ́tò kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń gbé èrò mẹ́sàn-án níbi tí wọ́n ti ṣe ìjókòó fún méje. Fólàǹ ni àwa ń pe ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní sitiárì. Bí mo bá gbàgbé, tí mo pè é ní sitiárì, á mú un mọ́ mi lẹ́nu.

“O ti di ará ọ̀hún.”

“Rárá o, Bàbá.”

“Kí lo rán lọ́sẹ̀ yìí?”

“Ìjókòó tírélà ni.”

“Háà. Ẹ̀yìn bàbá rẹ ń ké nílé, o ń tẹ́ ìjókòó fún ọmọ ọlọ́mọ.”

Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pa fóònù tán, ẹ̀fẹ̀ náà kì í bá a lọ. Inú yàrá lọ́dọ̀ mi ni ó máa ń kù sí.

Olórí ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, ọ̀dọ̀ Bàbá Ràfíù ni. Mùsùlùmí Ṣàgámù ni, òun ni ó ń fi ọkọ̀ gbé obì Alhaja kan lọ sí Kánò. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí, ó ń rìn bí ẹni tó gbé omi sórí. Mo gòkè lọ wo ìjókòó rẹ̀. Fóòmù lórí fóòmù, tìmùtìmù lórí fóòmù, ìró ìyàwó rẹ̀ lórí tìmùtìmù. Fìlà rẹ̀ ń kan òrùlé.

“Fi kún un,” ni ó wí. “Kò tíì rọ̀ tó.”

“Ẹ jókòó ná, kí n wò yín.”

Ó jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ó kígbe pé, “Múfú! Wá o! Obìnrin yín ń wo ìdí mi!”

“Orúnkún yín ni mò ń wò, Bàbá. Ìdí yín wà níkàáwọ́ ìyá Ràfíù.”

Àwọn fọkanáísà hó yèè. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí mò ń wá. Etí ìjókòó ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ itan, ìka mi kan kò lè wọ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, ìka mẹ́ta ni ó sì yẹ kó gbà. Ẹ̀jẹ̀ kò lè lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìdì kọ́kọ́rọ́ àti àpò owó wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, wọ́n ti ìdí ọ̀tún sókè, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti wọ́ láti Ṣàgámù dé Kánò, láti Kánò dé Ṣàgámù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan jáde.

“Mo ní kí o fi kún un, o ń yọ ọ́ kúrò! Ṣé bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan ṣe ní Àgànyìn nìyí?”

Mo gbé fóòmù líle sísàlẹ̀, irú èyí tí èèyàn á fi àtàǹpàkò tẹ̀ tí yóò sì ti àtàǹpàkò náà padà. Mo tẹ́ èyí tó rọ̀ lé e lórí, kò nípọn ju ìka méjì lọ. Mo gé iwájú rẹ̀ kúrú fún orúnkún, mo gbé e sókè díẹ̀ kí ìdí má baà máa yọ̀ síwájú. Mo rọ́ aṣọ tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, mo rán an mọ́ ẹ̀yìn ní ọ̀gangan ibi tí bẹ́líìtì máa ń wà, n kò jẹ́ kó dé ìhà. Mo fi okùn so gbogbo rẹ̀ mọ́ irin lábẹ́, nítorí tìmùtìmù tó bá yọ̀ bọ́ sábẹ́ bíréèkì, ikú ni. Nígbà tí mo gbé aṣọ híhun jáde láti fi bò ó, ó kọ̀ jálẹ̀, awọ tó ń dán ni ó fẹ́.

“Bàbá, ṣé ọ̀rá lẹ fi máa ń di obì?”

“Ọ̀rá? Kí ó lè jẹrà? Ewé ni. Obì gbọ́dọ̀ mí.”

“Ìdí yín náà fẹ́ mí.”

Bọ̀dá Múfú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Bàbá Ràfíù kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ pa aṣọ náà, ó gòkè, ó sì lọ láìdúpẹ́.

Nígbà tó ti Kánò dé, mo dúró lẹ́nu ẹ̀rọ mi, mò ń wo bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ìlẹ̀kùn, kò sí ọ̀kan ní ìbàdí. Ó gbé àpò àlùbọ́sà kan sílẹ̀ níwájú mi.

“Àgànyìn, ọmọ wa,” ni ó wí.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìfura. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe wà níbí, èèyàn wọn tí kì í ṣe ara wọn. Mo se àlùbọ́sà náà jẹ fún ìgbà pípẹ́, ojú mi sì ń ṣomi. N kò lè sọ pé àlùbọ́sà nìkan ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ẹ̀yìn Bàbá mi.

Ọjọ́ kan wà tí obìnrin kì í jáde ní Ṣàgámù. Ní àná ọjọ́ náà, ìyá onílé wa kan ìlẹ̀kùn mi.

“Àǹtí Àgànyìn, kò sí obìnrin níta lọ́la o. Má lọ bọ́ síta, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ẹ lọ̀ mí. Ẹ ò ní irú ẹ̀ lọ́dọ̀ yín.”

“A ní in, Mà.”

“Ẹ ní in?”

“A ní in ní Kétu. Láti kékeré ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ti fèrèsé.”

Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi, ó sì lọ. Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó nínú yàrá pẹ̀lú fèrèsé títì, mò ń gbọ́ ohùn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ofin. Ìyá onílé wà nínú yàrá tirẹ̀, ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Ìbẹ̀rù kan náà ni, bí wọ́n ṣe kọ́ òun ni wọ́n kọ́ mi. Ó yà mí lẹ́nu pé inú ìhámọ́ ni mo ti wá bá ilé pàdé. Mo pe Bàbá mi.

“Kí ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ yẹn?”

“Àwọn bàbá jáde ni.”

“Lọ́hùn-ún náà?”

“Lọ́hùn-ún náà, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà pẹ́. Nígbà tó parí, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi: mo fẹ́ ṣe ìjókòó fún mọ́tò rẹ̀. Kí ó wọ bàtà, kí ó lọ jókòó sínú mọ́tò bó ṣe máa ń jókòó tó bá ń lọ sí Kútọnu, kí Àbíkẹ́ sì mú tépù. Àbíkẹ́ ni àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Má ṣe ìyọnu.”

“Kì í ṣe ìyọnu, iṣẹ́ mi ni.”

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀. Mo gbọ́ tí Àbíkẹ́ ń sọ nǹkan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. “Mo ti wà nínú rẹ̀,” ni Bàbá wí.

N kò gbọ́ ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn mọ́tò yẹn kì í tì àfi kí èèyàn gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní bóyá ó fi í sílẹ̀ gbayawu nítorí ooru.

“Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlé tán, kí n mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń nà.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́.”

Kílọ́ọ̀ṣì náà máa ń ké bí ọmọ adìyẹ. Òun ni ó máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi yóò sì mọ̀ pé Bàbá ti ń lọ. Ohun kan tí mo gbọ́ nínú fóònù ni igi tó dún kẹ̀ẹ̀.

“Àbíkẹ́, láti ilẹ̀ dé abẹ́ itan wọn?”

“Íǹṣì méjìdínlógún,” ni ó wí, kíá, bí ọmọ tó mọ ìdáhùn.

Ìjókòó mọ́tò yẹn kò tó íǹṣì méjìlá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ méjìdínlógún. Àga onígi tó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé wa ni, èyí tí mo fi ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kí n tó kúrò nílé. Èmi fúnra mi ni mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè jẹ́ méjìdínlógún gẹ́lẹ́.

Mo ní kí ó wọn fífẹ̀ ìdí Bàbá bó ṣe jókòó.

“Mọ́kànlá.”

N kò tíì wọn irú rẹ̀ lára àgbàlagbà ọkùnrin rí. Bàbá mi tí ìjókòó iwájú kì í gba òun àti ẹnì kejì tán! Nọ́ńbà kìíní sọ fún mi pé kò wakọ̀ mọ́. Èkejì sọ ìdí rẹ̀.

“Ṣé o ti gbọ́ ọ?” ni Bàbá bi mí.

“Mo ti gbọ́, Bàbá.”

Ní ilé wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ àìsàn ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lájò. Wọ́n á ní kí ó má baà fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, kí ó má baà fi ọkàn méjì ṣiṣẹ́. Ara le, ara le ni gbogbo ará ilé yóò máa wí, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀ wálé tí wọn kò sì sọ ìdí. Mo mọ àṣà náà; mo ti bá wọn ṣe é fún àwọn ẹlòmíràn. N kò mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó lé fóòmù rírọ̀: ó tù ọ́ lára, ìwọ sì ń rì.

Mo pe Àbíkẹ́ lọ́tọ̀ ní ọjọ́ kejì.

“Mọ́tò ńkọ́?”

“Ó wà lẹ́yìn ilé. Ewúrẹ́ ló ń sùn sínú ẹ̀.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Bàbá ní bí mo bá sọ, àwọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àǹtí, àti àárọ̀ ni wọ́n ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá di ọ̀sán, egungun á ti máa dùn wọ́n.”

“Kí n máa bọ̀?”

Ó bú sẹ́kún. “Bí ẹ bá yọ sí wọn lójijì báyìí, wọ́n á ní ẹ̀yin náà wá dágbére ni. Ẹ jẹ́ kí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń wálé lọ́dún.”

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa líle àti rírọ̀, mo ní láti yí i padà. Ara tí kò lẹ́ran mọ́, fóòmù líle yóò dá egbò sí i. Mo fi èyí tó le ṣe etí rẹ̀ yíká, kí ó má baà ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Mo gbẹ́ ihò méjì sí àárín, níbi tí egungun ìdí méjèèjì yóò wà, mo fi èyí tó rọ̀ jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù dí wọn. Mo gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ga dé orí, kí ó lè sùn lé e bí oorun bá ń gbé e. Aṣọ híhun ni mo fi bò ó, kí ó lè mí. Lẹ́yìn náà ni mo rán okùn mẹ́rin mọ́ abẹ́ rẹ̀, igun kọ̀ọ̀kan, okùn kan.

Bọ̀dá Múfú dúró lẹ́yìn mi.

“Mọ́tò bàbá ẹ tó o ń sọ nìyí?”

“Òun ni.”

Ó gbé e, ó yí abẹ́ rẹ̀ sókè, ó fa okùn náà wò. “Àǹtí Àgànyìn, mọ́tò wo ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí gbogbo ẹ̀ tín-ín-rín báyìí?”

Ó wò mí, ó sì gbé ìjókòó náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni gbé ọmọ. Ó mú abẹ́rẹ́ ńlá, ó jókòó sí òdìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú méjì gán etí rẹ̀, ibi tí mo ti fi ẹyọ kan gán. Lọ́jọ́ tí mo fi í rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí ìhà ibodè, òun ni ó gbé e lọ sínú ọkọ̀, ó sì bá awakọ̀ náà jà pé kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù lé e.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Bàbá ni ó pè mí, kò dúró kí n pe òun.

“Ó bá mọ́tò mu,” ni ó wí.

“Ṣé kò ga jù?”

“Kò ga jù. Bíi pé o wà níbí nígbà tí o ń ṣe é. Mo wà á dé Kútọnu láàárọ̀ yìí, mo sì wà á bọ̀.”

“Ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn kò ké.”

“Ọ̀nà ńkọ́, Bàbá?”

“Ọ̀nà dán. Mo pàdé Ìyá Ẹlẹ́kọ, ó ní kí n kí ọ. Mo pàdé àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n wọ kákì. Ọmọ ìyá alátùpà ti ra kẹ̀kẹ́ tuntun, ó gbá a kọjá níwájú mi bí ẹni pé ilé ń jó. Mo fọn fèrè mọ́ ọn.”

Gbogbo wọn ni mo mọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gba ọ̀nà Kútọnu. Iwájú ilé wa ni wọ́n ń gbà, láti ìsàlẹ̀ àdúgbò lọ sókè, lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà yóò rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀, títí wọn yóò fi kọjá. Mo gbọ́ igi àga tó dún kẹ̀ẹ̀ nínú fóònù, bí ó ṣe ń tún ara rẹ̀ gbé.

“Ẹ rọra máa wà á o, Bàbá.”

“Mò ń rọra,” ni ó wí. “Ibi tí mò ń lọ kò jìnnà mọ́.”